Líǹkì tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní Lágere

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí a kọ sára pátákó wa níta ni fótókọ́pì, ìwé títẹ̀, fọ́ọ̀mù JAMB àti yíyẹ èsì WAEC wò. Iṣẹ́ kan wà tí a ò kọ síbẹ̀, tí mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ rí, òun gan-an ló sì ń jẹ mí lákòókò jù: "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi wo líǹkì yìí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Àwọn tó ń bi mí kò jọra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Odò-Ògbè ń bẹ níbẹ̀, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà ń bẹ níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ lórí líǹkì náà, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: "Mo mọ ẹni tó fi ránṣẹ́." Pásítọ̀ wa ni. Ààfáà àdúgbò ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn ni. Alága ẹgbẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí èèyàn mú. Ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ṣe é. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni, onítọ̀hún gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, títí a ò fi ní mọ orísun ẹ̀ mọ́. Ìwà rere pásítọ̀ kì í bá líǹkì rìn. Àwọn tó ni WhatsApp alára mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lóṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣe é kí èèyàn má lè fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣọwọ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Kòrónà gbòde lọ́dún 2020, wọ́n tún fún okùn náà sí i: ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè fi í ṣọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní ọfà méjì tó tẹ̀ léra lókè. Tí mo bá ti rí ọfà méjì yẹn, mi ò tún wo orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí ó má tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ló fi ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ ló hàn.

Ìyá kan wà tí a máa ń pè ní Ìyá Aláǹkárá. Wọ́n yà sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti yọ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n na fóònù sí mi láti ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi tẹ ìbò yìí, mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa." Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló kọ̀wé: ẹ kú ọjà o, ọmọ àbúrò mi wà nínú ìdíje kan, ìbò díẹ̀ ló kù kó gba ipò kìíní, ẹ jọ̀ọ́, kì í gbowó. Fọ́tò ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ọmọ náà rẹwà lójú.

Mo ní, "Mà, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ìyá ẹ̀ àgbà ni mo mọ̀. Ṣebí ìbò lásán ni."

Mo ní fóònù àlòkù kan ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní síìmù, tí kò ní WhatsApp, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Òun ni mo fi ń ṣí irú nǹkan báyìí. Mo ṣí i níṣojú wọn. Fọ́tò ọmọ náà jáde, iye ìbò jáde, bọ́tìnnì tí wọ́n á fi dìbò náà jáde. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, ó ní kí n kọ nọ́ńbà WhatsApp mi. Mo bi ìyá pé kí ni ìdíje ọmọ jẹ́léósinmi fẹ́ fi nọ́ńbà WhatsApp ṣe. Wọ́n ní bóyá kí wọ́n lè dúpẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ síwájú: lẹ́yìn nọ́ńbà, wọ́n máa fún yín ní kóòdù tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú ẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ẹ gbé e lọ sínú WhatsApp yín, níbi tí wọ́n kọ Linked devices sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ìbò yín lè wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró. Ibi tí wọ́n ń rán wọn lọ yẹn ni èèyàn ti máa ń so WhatsApp rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kejì. Ọdún 2023 ni WhatsApp fi ọ̀nà kóòdù yìí kún un, kí àwọn tí kámẹ́rà wọn ò ṣiṣẹ́ lè rí ọ̀nà gbé e gbà. Nǹkan tó dáa ni. Àmọ́ tí èèyàn bá tẹ kóòdù tí ẹlòmíì fún un síbẹ̀, ẹ̀rọ ẹlòmíì yẹn ló so mọ́ WhatsApp ara ẹ̀. Onítọ̀hún á máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọlé, á sì máa kọ̀wé sí àwọn èèyàn ẹ bí ẹni pé ìwọ ni.

Mo ní kí ìyá fi ìpè lásán pe ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n má lo WhatsApp rárá. Ọ̀rẹ́ wọn gbé e, ohùn rẹ̀ ti há. "Ìdíje wo? Mi ò ní ọmọ àbúrò nínú ìdíje kankan o. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí pé mo ń yá owó kiri, èmi tí mi ò tíì kúrò nílé." Òun náà ti dìbò fún ọmọ náà lánàá, nítorí pé ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ ló bẹ̀ ẹ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Ìyá Aláǹkárá, mo kí ọ̀rẹ́ wọn, mo sì ń darí wọn díẹ̀díẹ̀: ẹ ṣí WhatsApp, mà, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ tẹ Linked devices. Wọ́n ní àwọn rí ohun kan tí wọ́n kọ Google Chrome àti Windows sí. "Ṣé ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, mà?" Wọn ò ní. Mo ní kí wọ́n tẹ orí ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà la jọ ṣí ibi tí èèyàn ti ń fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́fà dáàbò bo WhatsApp, tí wọ́n ń pè ní two-step verification. Ìyẹn kì í dí ọ̀nà kóòdù tí mo sọ lókè yìí, àmọ́ ó ń dí ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà: kí wọ́n fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tiwọn, kí wọ́n wá máa tàn yín kí ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín.

Nǹkan tí mo fi ń yẹ líǹkì wò látìgbà náà ni ohun tí ojú ìwé náà ń béèrè. Tí wọ́n bá pè é ní ìbò, tó wá ń béèrè kóòdù, kò jẹ mọ́ ìbò. Tí wọ́n bá pè é ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó wá ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, kò jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Báńkì tó fún yín ní PIN kò nílò kí ẹ tún sọ ọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ká tó ṣí ojú ìwé rárá, àdírẹ́sì ẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kà á sódì. Wọ́n á wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, tí àgbàlagbà bá bi yín pé ọmọ ta ni yín, kì í ṣe orúkọ àbísọ yín ló ń wá, agbolé yín ló ń wá. Orúkọ àbísọ kò níye lórí, ẹni tó wù lè sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tó wù ú. Agbolé lẹnikẹ́ni ò lè purọ́ ẹ̀ kí àṣírí má tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ìlà dídagun (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ láti apá ọ̀tún síwájú. Ẹ wo eportal.oauife.edu.ng: ng ni Nàìjíríà, edu ni ilé ẹ̀kọ́, oauife ni agbolé gan-an. eportal tó wà níwájú, yàrá kan nínú agbolé ni.

Ẹ wá wo irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbé wá bá mi. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, NELFUND, ṣí ojú òpó tí wọ́n fi ń gba orúkọ. Àdírẹ́sì wọn ni nelf.gov.ng. Bó ti ṣí báyìí ni òfegè bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí eésan. Ọmọ kan gbé ọ̀kan wá, ó jọ èyí: nelf.gov.ng.gbowo-bayii.xyz.

"Àǹtí, gov.ng wà nínú ẹ̀ kẹ̀, ẹ wò ó."

"Mo rí i. Ibo ló wà nínú ẹ̀?"

Ó wò ó títí. Mo ní kó máa kà á láti ọ̀tún. xyz. gbowo-bayii. Ó dákẹ́. Agbolé ẹ̀ ni gbowo-bayii.xyz, nelf.gov.ng tó wà níwájú wulẹ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ yàrá ni. Ẹni tó bá ra gbowo-bayii.xyz lè sọ yàrá inú ẹ̀ ní báńkì, ó lè sọ ọ́ ní ilé ìjọba, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Lórí fóònù, ó tún wá burú sí i, torí pé ojú rẹ̀ kéré, ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì nìkan ló sábà máa ń hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ líǹkì mọ́lẹ̀ pẹ́ títí, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ń kọ nǹkan pamọ́ sí nínú fóònù, kí wọ́n kà á tán látòkèdélẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ra gov.ng. Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NITDA ló ń bójú tó o, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún. com.ng lẹnikẹ́ni lè fi owó táṣẹ́rẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òfin tí kò ní yíyẹ̀. Èsì WAEC gan-an, waecdirect.org lèèyàn ti ń wò ó. Kò sí gov níbẹ̀, kò sí ng níbẹ̀, ojúlówó ni. Mo ti rí òbí tó kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má ṣí i, nítorí wọ́n ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òfegè ni gbogbo ohun tí kò bá ní gov.ng. Ó ní òun ò ní kí wọ́n jí èsì ọmọ òun gbé. Ó gbà wá níye àkókò.

Àwọn agbolé kan sì wà tí wọ́n ń fi yàrá háyà. docs.google.com, Google ló ni ín lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣe fọ́ọ̀mù síbẹ̀. Blogspot bẹ́ẹ̀, WordPress bẹ́ẹ̀. Onílé jẹ́ ẹni gidi, ayálégbé la ò mọ̀. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù Google, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ló ń ka ìsàlẹ̀ ìwé. Fọ́ọ̀mù tí àwọn tó jọ jáde ìwé fi ń béèrè orúkọ àti iye yáàdì aṣọ ẹbí tẹ́ ẹ máa rà, ẹ kọ ọ́. Èyí tó ń béèrè BVN, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun kan wà tí mo rò pé àwa Yorùbá ló yẹ ká tètè rí, àmọ́ tó jẹ́ pé àwa gan-an ni ojú wa ti mọ́ ọn lára jù. Àmì ìsàlẹ̀ ọ àti ẹ. A lè fi lẹ́tà tó ní àmì forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á báyìí, facebọọk, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Facebook kọ. Nínú WhatsApp tàbí ímeèlì, wọ́n máa ń fa ìlà sábẹ́ líǹkì. Ìlà yẹn á gbé àmì ìsàlẹ̀ mì pátápátá, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àwa tí a ń ka ọ lójoojúmọ́, ọkàn wa á tún kà á bí o torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì kọ̀wé lórí fóònù tẹ́lẹ̀. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì pupa sára líǹkì tó bá ní lẹ́tà àjèjì lọ́dún 2018, àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì náà sì máa ń yí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ padà nígbà míì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń mú un. Tí mo bá ti dà á kọ síbi tí kò sí ìlà, mo máa ń fẹ ojú ẹ̀ tóbi. Ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń rí r àti n tí wọ́n so pọ̀ kó lè jọ m, àti nọ́ńbà 1 tí wọ́n fi rọ́pò l.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ dátà ọ̀fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀ níbí, torí ó máa ń bí mi nínú. Nígbà Ràmàdáánì, dátà ọ̀fẹ́. Nígbà Kérésì, dátà ọ̀fẹ́. Nígbà Kòrónà, owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí àmì iléeṣẹ́ ńlá lókè, ìbéèrè mẹ́ta tí kò le rárá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní ẹ ti jẹ ẹ́. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń dúpẹ́: mo ti rí tèmi gbà, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ya àwòrán ojú fóònù mi lọ́jọ́ kan tó jẹ́ Ràmàdáánì, mo tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí ti Kérésì dé, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú kan náà, orúkọ kan náà, àṣìkọ kan náà, gbogbo wọn ṣì gba dátà wọn ní "ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn." Tí ẹ bá tẹ orúkọ wọn, kò ní ṣí. Àwòrán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n á wá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mélòó kan kí ìlà aláwọ̀ ewé kan lè kún. Mo dán an wò: mo tẹ bọ́tìnnì, WhatsApp ṣí, mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo padà. Ìlà náà kún díẹ̀ sí i. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún padà. Ó tún kún. Ojú ìwé yẹn ò mọ̀ bóyá ẹ fi ránṣẹ́ tàbí ẹ ò fi ránṣẹ́. Iye ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì nìkan ló ń kà. Nígbà tó bá kún tán, ìpolówó ni wọ́n máa kó yín lọ síbẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti máa fi yín sábẹ́ iṣẹ́ tó ń ge owó ìpè yín lójoojúmọ́. Fífi tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kiri yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín sí, láìsanwó. Fọ́tò tó máa ń bá líǹkì jáde nínú WhatsApp náà, ẹ má gbà á gbọ́: ẹni tó ni ojú ìwé ló ń kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé fọ́tò báyìí ni kó máa hàn.

Àwọn kan ń fọkàn tẹ àmì kọ́kọ́rọ́, àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ sọ ò ju pé ẹlòmíì kò lè yọjú sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín yín àti ojú ìwé náà. Tó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ló ni ojú ìwé, ẹ̀yin àti gbájúẹ̀ lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ nìyẹn. Láti ìparí ọdún 2015 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé ẹ̀rí tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́fẹ̀ẹ́, Google sì yọ àmì náà kúrò lójú Chrome lọ́dún 2023 torí pé àwọn èèyàn ń ṣì í túmọ̀.

Fún líǹkì kúkúrú ti bit.ly, ẹ fi àmì ìròpọ̀ (+) sí ìparí ẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ń lọ kí ẹ tó lọ. Fún èyí tó bá ń dà mí láàmú, mo máa ń gbé e lọ sí ojú òpó VirusTotal, tí Google rà lọ́dún 2012. Ó máa ń bá yín bi ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aláàbò léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ojú ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ láàárọ̀, kò sí ẹni tó tíì fẹjọ́ ẹ̀ sùn, gbogbo wọn á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gba ìdáhùn "ó burú" gbọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìdáhùn "ó dáa" ni mo máa ń fi ojú kejì wò. Lookup.icann.org tún máa ń ràn mí lọ́wọ́, ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí ọjọ́ tí wọ́n ra ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì. Báńkì tó ní òun ti wà láti ayébáyé, tó wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ra àdírẹ́sì ẹ̀, ẹ ti mọ irú èyí.

Tẹ́lẹ̀, àṣìkọ ni mo fi ń tètè dá wọn mọ̀. Ìyẹn ti ń lọ. Ẹ̀rọ ti ń bá wọn kọ ọ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì wọn gún ju tèmi lọ, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ tó kí mi kúulé, tó kí ọmọ, kó tó wá béèrè nọ́ńbà àkáǹtì.

Ìbẹ̀rù náà ti wá pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn kan. Obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé, ó ti tẹ líǹkì, ó ní gbogbo owó ẹgbẹ́ àwọn wà nínú àkáǹtì òun. Mo bi í pé kí ló kọ síbẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Bí ó ti ṣí ni ẹ̀rù bà á, ó pa fóònù. Mo ní kó jókòó, kó mu omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣíṣí ojú ìwé nìkan kọ́ ló ń kówó lọ, pàápàá tí fóònù bá ń gba àtúnṣe tuntun déédéé. Ohun tí èèyàn kọ síbẹ̀, tàbí ohun tó gbà kó wọ inú fóònù ẹ̀, ni ewu wà. Tó bá jẹ́ pé ó ti kọ PIN tàbí OTP, ìyẹn ò gba omijé, eré ló gbà: kóòdù tí báńkì rẹ̀ fi ń ti àkáǹtì pa, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tí èèyàn fi ń pe báńkì, tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì ATM. Ẹ má wá nọ́ńbà báńkì lórí Google nírú àkókò bẹ́ẹ̀ o. Àwọn gbájúẹ̀ ti ń dúró de ẹni tí jìnnìjìnnì bá níbẹ̀.

Èyí tí mi ò fi ṣeré ni fáìlì tó parí sí .apk, ìyẹn áàpù tí wọ́n ń kó wọ fóònù Android. Ó ń wá báyìí ní orúkọ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ní orúkọ fọ́tò òkú, ní orúkọ rìsíìtì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Android á béèrè pé ṣé kí òun gba ohun tí kò ti ibi tó yẹ wá wọlé. Ìgbà wo ni ìwé ìpè ìgbéyàwó di ohun tí wọ́n ń fi sínú fóònù bí áàpù? Tó bá wọlé, tó sì ní ẹ fún òun láàyè láti ka SMS, OTP báńkì yín ń lọ bá a tààrà, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wọlé.

Ojúlówó líǹkì míì sì wà tó jọ òfegè ju òfegè lọ. Bàbá tíṣà tí mo sọ lókè, ọmọ wọn wà ní Kánádà, ìyàwó ẹ̀ bímọ, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ó fi líǹkì Zoom ránṣẹ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé lọ́dọ̀ mi, wọ́n fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó fu wọ́n lára. us06web. Nọ́ńbà gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, pwd. "Páásíwọ́ọ̀dù kọ́ nìyí? Ṣé tèmi ni wọ́n fẹ́ gbà ni?" Mo ní kí wọ́n ka agbolé ẹ̀ fún mi, sà. Wọ́n fi báírò wá ìlà dídagun àkọ́kọ́, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n kà á sókè bí ẹni ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́: "us. zoom." Wọ́n gbé ojú sókè. Mo ní Zoom ló ni í lóòótọ́, sà, yàrá ni us06web, pwd sì ni kọ́kọ́rọ́ ìpàdé tí wọ́n ti bá yín fi sínú ẹ̀. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ àwọn á ṣì pe ọmọ náà. Wọ́n pè é níbẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fi nǹkan yìí ránṣẹ́? Agogo mélòó lẹ sọ?" Ó dá wọn lóhùn, wọ́n kọ agogo náà sórí ìwé, wọ́n san owó ojú ìwé kan.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n wọlé láti ilé wọn, ẹnikẹ́ni ò bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a gbàgbé láti kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń pa maikirofóònù. Gbogbo ilé náà ní Kánádà, àti èmi tí wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ sí, la jọ gbọ́ bí Bàbá ṣe ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nídìí èlùbọ́ tí wọ́n sá, tí wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó ni ín, nígbà tí pásítọ̀ ọ̀hún ń tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu.